Land Cruiser wa kò fi táyà iwájú fà mọ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mẹkáníìkì. Kétu ni mo wà. Land Cruiser HJ60 tó ń kó àgbàdo wa láti oko kò fi táyà iwájú fà mọ́ nínú ẹrẹ̀. Mo ti yí họ́ọ̀bù méjèèjì (ohun àárín táyà iwájú tó ń so táyà mọ́ irin tó ń yí i) sí LOCK, ṣáàfù iwájú sì ń yí lábẹ́ ọkọ̀, àmọ́ táyà dúró gbagidi. Họ́ọ̀bù ọ̀tún ń dún kẹ́kẹ́kẹ́. Gíríìsì ibẹ̀ ti pupa bí ilẹ̀ wa, omi ti wọ̀ ọ́. Bí họ́ọ̀bù kan ò bá sì dì, táyà kejì náà ò ní fà. Wọ́n ní kí n pààrọ̀ gbogbo ásù iwájú. Owó ńlá nìyẹn, ọkàn mi ò gbà á. Ṣé kí n kọ́kọ́ tú họ́ọ̀bù, kí n fọ̀ ọ́, kí n fi gíríìsì tuntun sí i? Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá eyín inú rẹ̀ ti jẹ tán? Ẹ jọ̀ọ́, àgbàdo ṣì wà lóko.