Ta ni páwà rédíò ti jẹ́ kó rí màbo? Ẹ wá sọ tiyín

Ọmọ Tákíé: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Páwà (àpótí tó ń sọ iná ọba di iná DC kékeré) tí mo fi ń lo rédíò HF mi, èyí tí mo fi ń bá àwọn ará ọ̀nà jíjìn sọ̀rọ̀, fẹ́ yọ mí lẹ́mìí. 13.8V ló ń gbé jáde, mítà jẹ́rìí sí i. Lọ́sàn-án, ọmọ rere ni. Tó bá ti di aago méje alẹ́, tí mo bá tẹ bọ́tìnì kí n sọ̀rọ̀ lórí ìgbì 40 mítà, àwọn tó ń gbọ́ mi á ní ohùn mi ń kùn hùùù bí oyin inú àgbá. Mo ti pààrọ̀ fíùsì. Ta ló ti bá irú ẹ̀ pàdé?

Bàbá Ayọ́nù: Capacitor tó ń pa ìkùn iná. Pààrọ̀ ẹ̀.

Ẹlẹ́rọ Àkẹ̀sán: Tèmi kú fin-ín lọ́dún tó kọjá. Mo ṣí i, mo bá ọmọńlé kan tó ti gbẹ bí ẹja pańla, ẹsẹ̀ kan lórí ibi tí iná ọba ń gbà wọlé, ìyókù lára irin. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì gbá a dànù, mo ki fíùsì mìíràn bọ̀ ọ́, ó jí. Látìgbà náà ni mo ti fi nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn dí gbogbo ihò ẹ̀.

Ìyá Ìbejì: Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn! Ooru ńkọ́?

Ẹlẹ́rọ Àkẹ̀sán: Fáànù wà níbẹ̀, mà.

Ọ̀dẹ Ìgbì: Ẹ̀yin ń sọ ti ọmọńlé. Tèmi gba rédíò lọ́wọ́ mi. Transistor 2N3055 mẹ́rin, àwọn tó ń gbé iná kọjá sí rédíò, ló wà lẹ́yìn páwà mi. Ọ̀kan jó, mo ra òmíràn lọ́jà, mo jó o mọ́ ọn, mo wọ̀n ọ́n: 13.8. Mo so rédíò mọ́ ọn. N ò tíì pe CQ (ìpè sí ẹnikẹ́ni tó bá ń gbọ́) ẹlẹ́ẹ̀kejì tán tí mo gbọ́ "pá!" Òórùn gba yàrá. Transistor tuntun yẹn ló ti para pọ̀ nínú, 24V tó wà lẹ́yìn ẹ̀ bá gba ibẹ̀ kọjá wọnú rédíò. Nígbà tí ọkàn mi rọlẹ̀, mo fi ayùn irin gé orí ẹ̀. Ohun tó wà nínú ẹ̀ kò ju hóró ọkà bàbà lọ! Mo gé ti àtijọ́ tó kọ́kọ́ jó, tiẹ̀ fẹ̀ tó èékánná ọmọdé. Ayédèrú ni wọ́n tà fún mi!

Bàbá Ayọ́nù: Crowbar ńkọ́? Òun ló yẹ kó já fíùsì kí àpọ̀jù iná tó dé rédíò.

Ọ̀dẹ Ìgbì: Mo ti yọ ọ́, sà. Ó ń já fíùsì ṣáá ni.

Bàbá Ayọ́nù: Ha.

Ìyá Ìbejì: Ajá tó ń gbó olè lo pa yẹn.

Ọ̀dẹ Ìgbì: Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí wọ́n ti ń bú mi lórí ẹ̀, mà. Ẹ ṣàánú mi.

Ọmọ Aláàfin: Ẹni tó lọ ra transistor l'Ógbómọ̀ṣọ́, kí ló ń retí? Kó wá sí Ọ̀yọ́.

Ọ̀dẹ Ìgbì: Ọ̀yọ́ onígbá fínfín? Ẹ ti ń ta transistor náà?

Ọmọ Aláàfin: Igbá wa ò jó rédíò ẹnikẹ́ni rí.

Ọmọ Tákíé: Ẹ dákun. Mo ti pààrọ̀ capacitor, méjèèjì. Ó ṣì ń kùn. Owó ọbẹ̀ ni mo mú níbẹ̀ o.

Ìyá Ìbejì: Dúró ná. Ọ̀sán ó dáa, alẹ́ ó ń kùn. Mélòó ni iná ara ògiri yín lálẹ́?

Ọmọ Tákíé: N ò wọn ògiri rí, mà. Páwà ni mo ń wọ̀n.

Ìyá Ìbejì: Wọ̀n ọ́n báyìí. Yí mítà sí AC o!

Ọmọ Tákíé: 163V.

Ìyá Ìbejì: Ohun tó ń kùn nìyẹn. Páwà onítiransifọ́mà wúwo ni tìẹ, àbí? Bí ògiri bá jẹ́ 240, nǹkan bí 24V ló máa dé iwájú regulator, òun á gé e sí 13.8. Ní 163, 24 yẹn á di 16. Tí rédíò bá kàn ń gbọ́, ó ṣì tó, mítà rẹ á máa pe 13.8 fún ọ. O tẹ bọ́tìnì, rédíò fa ampere 20, 16 yẹn wọlẹ̀, regulator ò rí nǹkan gé mọ́. Ìkùn tó kù, ìgbà 100 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, á wá bá ohùn rẹ jáde. Nígbà tí a kó dé Arówómọlẹ̀, oṣù méjì ni mo fi ń tú páwà tí kò ṣẹ̀ mí. Gílóòbù iwájú mọ́tò mẹ́rin, 55W-55W, ni mo so mọ́ ọn lọ́sàn-án, kò mì. Lálẹ́, wọ́n pọ́n bí ojú ọ̀mùtí.

Bàbá Ayọ́nù: Capacitor tuntun kò ba nǹkan jẹ́ ṣá.

Ẹlẹ́rọ Àkẹ̀sán: Kó ra sítẹ́bíláísà.

Ọmọ Aláàfin: Èyí tó ń dún ká-ká-ká mọ́jú? Bátìrì ni. Kó fi sólà rọ ọ́ lọ́sàn-án, kó lò ó lálẹ́.

Ọ̀dẹ Ìgbì: Sólà kẹ̀! Controller tó ń darí iná sólà aládùúgbò mi ń pariwo lórí 40 mítà látàárọ̀ títí oòrùn á fi wọ̀.

Ọmọ Aláàfin: Ti ẹni tó yọ crowbar la máa gbọ́?

Ọmọ Tákíé: Aago mọ́kànlá ti kọjá. Àdúgbò ti sùn, ògiri ti gun 214. Mo pe CQ, ẹnì kan láti Gúúsù Áfíríkà dá mi lóhùn, ó ní ohùn mi mọ́ gaara. Mà, ẹ ṣeun. Ṣé ẹni tó ta capacitor fún mi máa gbà á padà?

Bàbá Ayọ́nù: Gbé e wá, màá rà á. Ìdajì owó.