Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ìtọ́jú ọ́síjìn fún egbò ẹsẹ̀ Bàbá mi, Bowie là ń gbé

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará mi. Bowie ní Maryland ni mo wà. Ẹni ọdún 71 ni Bàbá mi, àtọ̀gbẹ sì ti ń bá wọn fínra tipẹ́. Ó ti lé ní oṣù mẹ́ta báyìí tí egbò ti dá sí abẹ́ àtàǹpàkò ẹsẹ̀ òsì wọn. Bàtà tuntun ló há, àtọ̀gbẹ sì ti jẹ́ kí ẹsẹ̀ yẹn kú, wọn ò mọ̀ pé ó ń bó. Ìbọ̀sẹ̀ tí mo fẹ́ fọ̀ ló tú àṣírí: abẹ́ rẹ̀ ti gan, ó sì ń rùn.

Dókítà ẹsẹ̀ ti gé ara tó kú kúrò lẹ́ẹ̀mẹrin. Wọ́n ti lo oògùn apakòkòrò, wọ́n ti wọ bàtà tí kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ tẹlẹ̀. Egbò ò jiná. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àwòrán fi hàn pé ó ti wọ egungun. Dókítà wá ní ká gbìyànjú hyperbaric: Bàbá á máa wọ inú àgbá kan tí wọ́n ti fún afẹ́fẹ́ pọ̀, wọ́n á máa mí ọ́síjìn nìkan, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, ó lè tó 40 ìgbà. Wọ́n ní tí kò bá ṣeé ṣe, gígé ló kù. Oorun ti dá lójú mi láti ọjọ́ náà.

Ṣọ́ọ̀bù kan wà nítòsí wa, ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni, wọ́n ní àwọn ń ṣe ìtọ́jú ọ́síjìn. Wọ́n ní kí n san owó 20 ìgbà lẹ́ẹ̀kan, àwọn á dín in fún mi. Wọn ò béèrè ìwé dókítà kankan. Ṣé kí n san án? Àbí Medicare, ètò ìlera ìjọba fún àwọn àgbà, máa ń san èyí? Part A (ti ìdùbúlẹ̀ ní hospital) àti Part B (ti dókítà àti ìtọ́jú àlọbọ̀) ni Bàbá ní, ọdún 14 ni wọ́n fi ṣe iṣẹ́ sikiọ́ríti níbí. Èmi nìkan ni ọmọ wọn tó wà nítòsí, mo sì ń ṣiṣẹ́.

Ìyá Ìbejì, Lanham:
Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Jọ̀ọ́, má san kọ́bọ̀ níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ irú ṣọ́ọ̀bù yẹn, àpò rírọ̀ ni wọ́n ń lò, ìfúnpọ̀ rẹ̀ kì í ju ìlọ́po 1.3 afẹ́fẹ́ tí à ń mí lọ. Ti egbò Bàbá, ìlọ́po méjì afẹ́fẹ́ tí à ń mí sí 2.4 ni hospital ń lò. Ohun kejì sì ni ẹ̀mí. Ní January 2025, ọmọ ọdún 5 kan kú nígbà tí iná sọ nínú àgbá ọ́síjìn ní Troy, Michigan, níbi tí kì í ṣe hospital. Ibi tí kò bá béèrè ìwé dókítà, má gbé Bàbá lọ síbẹ̀.

Ìyá Tómi, nọ́ọ̀sì:
Àbúrò, egbò ni mò ń wẹ̀ lójoojúmọ́. Medicare ń san án fún egbò ẹsẹ̀ alátọ̀gbẹ, àmọ́ ohun tó bá wà nínú ìwé ni wọ́n ń wò. Kí ó hàn pé àtọ̀gbẹ ló fa egbò náà, pé ó sì ti dé ipele 3 ó kéré tán lórí òṣùwọ̀n Wagner, tí wọ́n fi ń wo bí egbò ẹsẹ̀ ṣe le tó. Èyí tó ti kó kòkòrò bá egungun ti dé ibẹ̀. Kí ó sì hàn pé wọ́n ti tọ́jú rẹ̀ bó ṣe yẹ fún ọgbọ̀n ọjọ́ gbáko láìsí àyípadà. Ibi tí wọ́n ti ń já ọ̀pọ̀ èèyàn sílẹ̀ nìyẹn. Dókítà á kọ pé "kò jiná", kò ní kọ gígùn, fífẹ̀ àti jíjìn rẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Láàárọ̀ ọ̀la, gba àkọsílẹ̀ gbogbo oṣù mẹ́ta yẹn, kí o fi ojú ara rẹ wá nọ́ńbà wọ̀nyẹn. Tí o kò bá rí "Wagner" níbẹ̀, má tíì kúrò ní kàńtà. Tí ìtọ́jú bá bẹ̀rẹ̀, gbogbo ọgbọ̀n ọjọ́ ni wọ́n á tún yẹ̀ ẹ́ wò. Tí egbò ò bá súnkì, Medicare ò ní sanwó mọ́.

Hospital Shock Trauma ní Baltimore ní yàrá hyperbaric ńlá, ṣùgbọ́n ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀ láti Bowie á tán ọ lókun. Kọ́kọ́ bi dókítà léèrè hospital wo nítòsí ló ní in ní ẹ̀ka egbò wọn, kí o sì béèrè bóyá UHMS, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìtọ́jú hyperbaric, ti fọwọ́ sí ibẹ̀.

Bàbá Láyọ̀, Laurel:
Iṣẹ́ bílì ni mò ń ṣe. Lẹ́yìn owó ìṣáájú Part B, tó jẹ́ 257 dọ́là ní 2025, Medicare á san 80 nínú 100, 20 á kù sí yín lọ́rùn. Hospital ń ka àkókò inú àgbá ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, nítorí náà wákàtí méjì á di ẹyọ mẹ́rin, ti dókítà sì dá dúró. Ẹ fi 40 sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ óò rí i pé 20 yẹn kì í ṣe kékeré. Tí Medigap, ìyẹn ìnṣọ́ránsì àfikún sí Medicare, bá wà, ó lè gbé e. Tó bá jẹ́ Medicare Advantage, èyí tí iléeṣẹ́ ìnṣọ́ránsì aládàáni ń bójú tó, wọ́n sábà máa ń ní kí àwọn fọwọ́ sí i kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Tí kò bá sí èyíkéyìí, ẹ gba fọ́ọ̀mù ìrànlọ́wọ́ owó ní hospital. Ní Maryland, ẹni tí owó tó ń wọlé fún un kò bá ju ìlọ́po méjì ìlà òṣì ìjọba àpapọ̀ lọ, ọ̀fẹ́ ni hospital gbọ́dọ̀ tọ́jú rẹ̀. Bílì tó ti dé náà, ẹ ní ọjọ́ 240 láti fi kọ̀wé. Ẹ má fi káàdì san án kí ẹ tó béèrè.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Silver Spring:
Màmá mi ṣe é nígbà 38. Àgbá oníke tó mọ́ gaara ni, lọ́jọ́ àkọ́kọ́ wọ́n ní pósí ni. Mo jókòó síbi tí ojú wa ti ń ṣe mẹ́rin, a ń bára wa sọ̀rọ̀ látinú sípíkà, ara wọn balẹ̀. Etí á máa dí bíi tinú ọkọ̀ òfurufú tó ń balẹ̀. Kí Bàbá máa gbé itọ́ mì. Kí wọ́n jẹun dáadáa kí wọ́n tó wọlé, torí ṣúgà ẹ̀jẹ̀ máa ń já wálẹ̀. Òrí, àdí, òrùka, tèsùbáà, fóònù, kò gbọdọ̀ wọlé. Aṣọ òwú hospital nìkan. Òrí tí Màmá fi para ló jẹ́ kí wọ́n dá wa padà lọ́jọ́ kejì. Ojú wọn ṣe bàìbàì sí ohun tó jìnnà fún ìgbà díẹ̀, ó padà bọ̀ sípò. Ní ti iṣẹ́ rẹ, béèrè FMLA, ìsinmi tí òfin fún ẹni tó ń tọ́jú òbí rẹ̀: ọ̀sẹ̀ 12 ni, o lè máa mú un ní wákàtí díẹ̀díẹ̀ tí iléeṣẹ́ rẹ bá tóbi tó.

Káyọ̀dé, Greenbelt:
Kí gbogbo èyí tó bẹ̀rẹ̀, ṣé wọ́n ti yẹ iṣan ẹ̀jẹ̀ ẹsẹ̀ náà wò? Tí iṣan bá dí, ẹ̀jẹ̀ tó máa gbé ọ́síjìn débẹ̀ ò ní tó. Àwọn dókítà pàápàá ò tíì fẹnu kò pé hyperbaric ń gba ẹsẹ̀ là lọ́wọ́ gígé. Mi ò ní kí ẹ má ṣe é. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wo iṣan ná.

Ẹni tó béèrè:
Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. Mo ti gba ìwé náà. Wagner 3 wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ méjì ni wọn ò wọn egbò náà rárá. Dókítà ní tí àwòrán ọjọ́ náà bá wà, àwọn á fi kún un. Kò sẹ́ni tó ti wo iṣan, Ọjọ́ Ẹtì la máa lọ. Mo ti pe ṣọ́ọ̀bù yẹn pé mi ò wá mọ́. Ohun kan ṣoṣo tí Bàbá béèrè ni bóyá wọ́n á lè gbọ́ ìròyìn nínú àgbá yẹn. Mo ti mú ìgò òrí wọn kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì.