Iná kú tán, ó ku odò: kí ni omi máa ń ṣe lẹ́yìn iná igbó?

Ẹ wo ti Buffalo Creek ní Colorado, ní Amẹ́ríkà. Ní oṣù Karùn-ún 1996, iná jó igbó páìnì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 12,000 éékà, lágbègbè odò South Platte tí ìlú Denver ti ń rí omi mu. Nígbà tó di 12 oṣù Keje, òjò ńlá rọ̀ sórí ilẹ̀ jíjó yẹn. Àgbàrá pa èèyàn méjì, ó sì kó eérú, yanrìn àti igi jíjó wọ dáàmù Strontia Springs.

Ohun tó ń fà á wà lábẹ́ ilẹ̀. Ewé páìnì ní oje tó dà bí ìda. Bó bá ń jó, oje náà á di oru. Apá kan á bá èéfín lọ, apá kan á wọlẹ̀, á sì dì mọ́ yanrìn níbi tí ilẹ̀ ti tutù, ní sẹ̀ǹtímítà mélòó kan sísàlẹ̀, kò sì ní jẹ́ kí omi wọlẹ̀. Ooru bíi 175 sí 200 lórí òṣùwọ̀n Celsius ló máa ń jẹ́ kí ilẹ̀ kọ omi jù. Tó bá kọjá 280, oje náà á jó dànù. Ìdí nìyí tí ibi tí iná ti jó burúkú fi lè mu omi lókè, kó má mu ún nísàlẹ̀.

Àyẹ̀wò rẹ̀ ò le. Ẹ gbá eérú kúrò títí ẹ ó fi kan ilẹ̀ gan-an, kí ẹ kán omi sí i. Bí ẹ̀kán náà bá ṣe roboto síbẹ̀ ju ìṣẹ́jú àáyá 5 lọ, ilẹ̀ ń kọ omi nìyẹn. Ẹ wa sẹ̀ǹtímítà 1 sí i, ẹ tún kán an, títí dé 5. Orí eérú ni ọ̀pọ̀ ti máa ń ṣì í: eérú ń mu omi, á sì tan yín jẹ. Ẹ má ṣe é lẹ́yìn òjò o. Ilẹ̀ tútù kì í sòótọ́.

—

Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má rò pé omi odò á kàn máa pọ̀ sí i lọ bẹ́ẹ̀. Ní àwọn òkè tí Melbourne ti ń rí omi, ní Ọsirélíà, iná 13 oṣù Kìíní 1939 pa igi mountain ash (Eucalyptus regnans) rẹpẹtẹ. Igi yìí kì í rú padà bó bá ti jó. Èso rẹ̀ ló ń hù, á sì hù fún ara wọn pa. Àwọn ọmọ igi yìí ń fa omi ju àgbà igi lọ fíìfíì. Onímọ̀ nípa omi kan, Kuczera, ṣírò rẹ̀ ní àwọn ọdún 1980: omi tó ń wọ odò lè dín kù tó ìdajì nígbà tí igbó tuntun bá pé ọdún 20 sí 30, ó sì lè tó ọdún 150 kó tó padà sípò. Àwọn igi eucalyptus míì tó ń rú láti ara èèpo wọn kì í fa irú èyí. Irú igi tó jó ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bèèrè.

—

Ní ti ṣíṣe, ẹ tètè bo ilẹ̀. Koríko àlìkámà gbígbẹ, bíi tọ́ọ̀nù 1 sí éékà 1, á bo nǹkan bí ìdá 70 nínú 100. Níbi tí atẹ́gùn ti le, igi tí wọ́n rẹ́ wẹ́wẹ́ ló dáa, kì í fò lọ. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé gbígbin koríko. Òjò àkọ́kọ́ kì í dúró dè é kó hù.

Níbi tí wọ́n ti ń fọ omi, ẹ ní odò míì nílẹ̀. Nígbà tí iná High Park, ní Colorado kan náà, sọ odò Poudre di dúdú ní 2012, omi adágún Horsetooth ni ìlú Fort Collins fà lò. Ẹni tí ò ní òmíràn á fi álọ́ọ̀mù, tó ń mú kí ìdọ̀tí rọlẹ̀ sísàlẹ̀ omi, kún un, ṣùgbọ́n kó máa wọn ìdọ̀tí omi kó tó dà á. Kò sì gbọ́dọ̀ kàn fi chlorine, oògùn tó ń pa kòkòrò inú omi, kún un: bó bá pàdé ohun tó jáde láti ara ewé jíjó, á di trihalomethane, èyí tí kò dáa lára.