Ẹ̀yà kọ́, irú ni

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ.

Lórí ọ̀rọ̀ Yorùbá tí a ń wá fún àwọn ìpele tí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fi ń to ohun abẹ̀mí, ẹ̀gbọ́n wa dábàá lánàá pé kí a máa pe species (àwọn ohun abẹ̀mí tó lè bímọ pọ̀, tí ọmọ wọn náà sì ń bímọ) ní "ẹ̀yà", genus (àkójọ àwọn species tó sún mọ́ra) ní "ìran", kí family (àkójọ àwọn genus tó bára tan) sì máa jẹ́ "ẹbí". Mo fara mọ́ ẹbí. Àwọn méjì yòókù ni mo ní ẹjọ́ rò lé lórí, ẹ̀yà ló sì ń dùn mí jù.

Ẹ̀yà Yorùbá, ẹ̀yà Ìgbò, ẹ̀yà Haúsá: bí gbogbo wa ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ species kan ṣoṣo ni gbogbo ọmọ aráyé, Homo sapiens. Bí ọmọ ilé-ìwé bá wá kà á pé ẹ̀yà méjì kì í sábà bímọ pọ̀, kí ọmọ náà sì tún bí tirẹ̀, kí ló máa rò nípa ìyá rẹ̀ tó jẹ́ Ìgbò? Ká má tíì dé orí ẹ̀yà ara, tí olùkọ́ báyọ́lọ́jì ò lè ṣe kó má mẹ́nu bà. Ẹ jẹ́ ká fi ẹ̀yà sílẹ̀ fún ohun tó wà lábẹ́ species, bí oríṣiríṣi iṣu funfun tí àgbẹ̀ ń fi orúkọ dá mọ̀, tí gbogbo wọn sì jẹ́ Dioscorea rotundata.

"Irú" ni tèmi. Nínú Bíbélì Yorùbá, ní Gẹ́nẹ́sísì orí kìíní, "ní irú tirẹ̀" ni ewéko àti ẹranko ń jáde wá. A máa ń gbàdúrà pé kí irú wa má parun. Irú-ọmọ, irúgbìn: ọ̀rọ̀ ìbísí ni, ìbísí náà sì ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ fi ń mọ ibi tí species kan parí sí. Mo mọ̀ pé ẹnì kan máa ní irú ọbẹ̀ ńkọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó ń ka ìwé ẹ̀kọ́ tó wá ń gbóòórùn irú wooro, ebi ló ń pa á. Ibi tó ti le ni pé a máa ń béèrè pé "irú ajá wo nìyí?", nígbà tó jẹ́ pé species kan náà ni gbogbo ajá ilé. Mo gbà, ó kù díẹ̀ káàtó níbẹ̀.

Ìran ní tirẹ̀, a óò nílò rẹ̀ nígbà tí a bá ń sọ bí àbùdá ṣe ń ti ọ̀dọ̀ òbí dé ọ̀dọ̀ ọmọ-ọmọ. "Àjọbí" ni mo mú wá fún genus. Linnaeus, onímọ̀ ewéko ará Sweden, tó sọ orúkọ Látìn alápá méjì di àṣà fún ewéko nínú ìwé rẹ̀ ti 1753, ti àjọbí ló fi ṣáájú, ti irú tẹ̀lé e. Ẹ wá wo obì. Obì àbàtà ni Cola acuminata, obì gbàǹja ni Cola nitida, obì ẹdun ni Cola millenii. Àwọn baba wa ò gbọ́ Látìn o! Orógbó tí àwọn òyìnbó ń pè ní obì kíkorò, a ò fi obì kún orúkọ tirẹ̀ rárá, a sì jàre: àjọbí Garcinia ló wà.

Ká má tíì jó. Ẹbí kan náà ni atalẹ̀ àti ataare, ṣùgbọ́n wọn ò bá ata rodo tan níbì kankan; ẹnu tí wọ́n ń ta ló sọ wọ́n ní ata. Ìdí nìyí tí mi ò fi fara mọ́ àbá kejì tí ẹ̀gbọ́n wa mú wá, pé kí orúkọ Yorùbá rọ́pò ti Látìn pátápátá. Òótọ́ ni pé Látìn náà máa ń yí. Vernonia amygdalina ni ewúro tẹ́lẹ̀; àwọn onímọ̀ gbé e lọ sí àjọbí mìíràn, ó di Gymnanthemum amygdalinum, bí ìyàwó tó gba orúkọ ilé ọkọ. Ṣùgbọ́n orúkọ yẹn ń sọ ilé tó wà fún wa. "Ewúro" ò sọ ju pé ó korò lọ.

Ẹni tó bá ti ní ọ̀rọ̀ fún phylum, ìpele ńlá tó wà lókè ẹbí, kó fi ránṣẹ́. Èmi ò ní.