Ẹ ka ìdí ọ̀bẹ kí ẹ tó nù ún: ìrírí wa lórí ọ̀bẹ àpò àtijọ́ olójú púpọ̀

Ẹ̀yin ará, mo ní kí n fi tèmi ṣíde, kí ẹ̀yin náà wá sọ tiyín.

Inú àpótí irinṣẹ́ bàbá mi ni mo ti rí ọ̀bẹ náà, lẹ́yìn tí bàbá ti lọ. Ìsàlẹ̀ pátápátá ló wà, lábẹ́ ìṣó àti fáìlì, ó ti dúdú bí ìdí ìkòkò. Ojú mẹ́ta ló ní: ńlá kan lápá kan, kékeré méjì lápá kejì. Eegun ni èèkù rẹ̀, wọ́n fín in gbágungbàgun, ó pọ́n rúsúrúsú. Inú mi dùn sí i gan-an. Mo fẹ́ kó rí bó ṣe rí lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe é, ni mo bá gbé ojú ńlá náà sí òkúta ẹ̀rọ tó ń yí. Kò pẹ́ rárá tó fi ń kọ mànà bíi dígí.

Oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, mo fi han àgbàlagbà kan tó ti ń ṣa ọ̀bẹ àpò jọ láti ìgbà èwe rẹ̀. Kò wo èèkù, kò sì wo bó ṣe ń dán. Ńṣe ló ṣí ojú ńlá, ó gbé awò tó ń sọ kékeré di ńlá sójú, ó wo ìdí rẹ̀, ibi tí irin ti ń wọ inú èèkù lọ, èyí tí àwọn aṣàkójọ ń pè ní tang. Ó wò ó títí. Ó yí i, ó wo ẹ̀yìn. Ó wá bi mí jẹ́ẹ́jẹ́ pé, "Ta ló lọ̀ ọ́?" Mo ní èmi ni. Ó pa ọ̀bẹ náà dé, ó dá a padà fún mi, ó ní, "Orúkọ rẹ̀ lo lọ̀ dànù yẹn."

Ó dùn mí wọ egungun. Orí tang ni àwọn tó ń rọ ọ̀bẹ máa ń lu òǹtẹ̀ wọn sí: orúkọ wọn, ìlú wọn, nígbà míì nọ́ńbà ọ̀bẹ náà pàápàá. Òǹtẹ̀ yìí kì í jìn. Òkúta tó ń yí lè jẹ ẹ́ tán kí èèyàn tó mí lẹ́ẹ̀mejì.

Ọ̀bẹ kejì tó bọ́ sí mi lọ́wọ́, mi ò jẹ́ kí òkúta rí i. Aṣọ rírọ̀ àti epo ẹ̀rọ díẹ̀ ni mo lò, ìdí rẹ̀ nìkan ni mo sì kọ́kọ́ nù. CASE XX ló jáde, U.S.A. wà lábẹ́ rẹ̀, àwọn àmì tótòtó kan sì tò sísàlẹ̀. Bradford ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania, l'Amẹ́ríkà, ni wọ́n ti ń ṣe ọ̀bẹ Case. Ní ẹ̀yìn tang, 6318 ni wọ́n kọ. Kò sóhun tó dùn mọ́ mi bí ìgbà tí mo mọ bí wọ́n ṣe ń ka nọ́ńbà yẹn: 6 ń sọ pé èèkù eegun tí wọ́n fín ni, 3 ni iye ojú tó ní, 18 sì ni bátànì rẹ̀. Ní ti àmì tótòtó, ọdún 1970 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, mẹ́wàá ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì ń yọ ẹyọ kan lọ́dọọdún. Tèmi jẹ́ méje. Mo kà á, mo tún un kà, mo gbé e lọ sójú oòrùn, mo tún kà á: 1973 ni. Èyí tí kò bá ní àmì tótòtó rárá tó sì ní U.S.A. ti wá láti 1965 sí 1969. Bó bá jẹ́ CASE XX nìkan, tí U.S.A. kò sí níbẹ̀, 1940 sí 1964 nìyẹn.

Àmọ́ ti bàbá mi ló ń jẹ mí lọ́kàn. Mi ò mọ ẹni tó ṣe é, mi ò mọ ìlú tó ti wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ tiyín.

* * *

Àbúrò mi, pẹ̀lẹ́ o. Ọ̀rọ̀ òkúta yẹn, ọ̀pọ̀ wa ló ṣe irú ẹ̀.

Tèmi yàtọ̀ díẹ̀. Mo ka òǹtẹ̀ o, ojú kan ṣoṣo ni mo kà. Ọ̀bẹ Sheffield ni, ìlú tí wọ́n ti ń rọ ọ̀bẹ ní England, olójú mẹ́rin, èèkù ìwo. Ẹni tó tà á fún mi sọ pé ayé ọbabìnrin Victoria ni wọ́n ti ṣe é. Mo ṣí ojú ńlá, mo rí Joseph Rodgers & Sons, mo rí ìràwọ̀ àti àgbélébùú Malta tó jẹ́ àmì wọn láti 1764, mo sì rí adé láàárín V àti R. V àti R yẹn, Victoria ni. Mo sanwó, mo gbé e lọ sílé tayọ̀tayọ̀.

Ó tó ọ̀sẹ̀ kan kí n tó ráyè jókòó tì í. Mo ṣí ojú kejì, kò sí wàhálà. Mo ṣí ìkẹta, ó dà bíi pé irin rẹ̀ funfun ju ti àwọn yòókù lọ. Mo gbé awò sí i. STAINLESS ni wọ́n kọ síbẹ̀.

Ẹ gbọ́ o. Ọdún 1913 ni Harry Brearley rí irin tí kì í dógùn-ún yìí, ní Sheffield náà ni. Ọdún 1901 ni Victoria wàjà. Báwo ni ọ̀bẹ ayé Victoria ṣe máa ní ojú tí irin rẹ̀ kò tíì sí láyé fún ọdún méjìlá lẹ́yìn ikú rẹ̀? Ẹnì kan ti yọ ojú tó kán, ó fi ti ọ̀bẹ mìíràn rọ́pò. Àwọn aṣàkójọ máa ń sọ pé irú ọ̀bẹ bẹ́ẹ̀ ti ṣègbéyàwó.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo tó rí gbogbo ohun tó yẹ kí n ti rí. Orí ìṣó tó di ojú mú lápá yẹn ń dán, ti apá kejì ti pa rẹ́ mọ́ irin tí ìka èèyàn kò fi ní mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ojú kẹta ń ha ojú kejì lára bí mo bá ń pa á dé. Ihò èékánná tí a fi ń ṣí i kò sì dọ́gba pẹ̀lú ti ẹnìkejì rẹ̀. Mo ṣì ní ọ̀bẹ náà. Mo kọ ọ́ sí bébà pélébé kan, mo wé e mọ́ ọn, kí ẹni tó bá jogún rẹ̀ má bàa tún tà á fún ẹlòmíì gẹ́gẹ́ bí ògidì.

Torí náà, bó bá jẹ́ ojú mẹ́rin, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni kí ẹ kà á, iwájú àti ẹ̀yìn.

* * *

Ẹ kú ìkàlẹ̀, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Èèkù ni èmi fẹ́ sọ̀rọ̀ lé, torí òun ló ba tèmi jẹ́.

Ọ̀bẹ mọ́kànlá ni mo kó sínú àpótí onígi kan tó dé pinpin. Mo ti fi epo pa gbogbo wọn, ọkàn mi balẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn rẹwà ju gbogbo ìyókù lọ: èèkù rẹ̀ dà bí ìgbá ìjàpá, ó ní àwọ̀ oyin àti dúdú, ìmọ́lẹ̀ máa ń gba inú rẹ̀ kọjá. Celluloid ni, irú ike àtijọ́ kan, mi ò mọ̀ nígbà náà. Mo rìnrìn àjò, mo pẹ́ lọ́hùn-ún. Nígbà tí mo dé tí mo ṣí àpótí náà, òórùn kan kọlù mí tó ta mí nímú, ó jọ ti kàfúrà ṣùgbọ́n ó korò jù ú lọ. Èèkù arẹwà yẹn ti là gàdàgbà, ó ń wó lulẹ̀ bí iyọ̀. Àwọn ọ̀bẹ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pọ́n kanlẹ̀ fún ìpáàrà, idẹ inú wọn ti yọ àwọ̀ ewéko tútù. Èyí tó jìnnà sí i jù lọ nínú àpótí ni kò bàjẹ́ púpọ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé celluloid, bó bá ti ń gbó, ó máa ń tú èéfín olóró tó jẹ́ ásíìdì, afẹ́fẹ́ yẹn ló sì ń jẹ irin. Epo tí mo pa kò lè dá a dúró. Báyìí, gbogbo ọ̀bẹ tí mo bá fura sí èèkù rẹ̀, ìta ni ó ń gbé, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, kò bá òmíràn sùn. Kò sì sí èyí tó ń gbé inú àpò awọ mọ́ nínú wọn, torí awọ máa ń gba ọ̀rinrin mọ́ra, oògùn tí wọ́n fi ṣe é sì máa ń jẹ irin.

Ẹ jọ̀ọ́, mo bẹ̀ yín, àwọn kan máa ń ní kí a fi abẹ́rẹ́ gbígbóná gún èèkù láti mọ̀ bóyá eegun ni tàbí ike. Ẹ má dán an wò! Celluloid máa ń gbiná bí ẹni pé epo bẹntiróòlù ni. Awò ti tó. Eegun tòótọ́ ní àwọn ihò wínníwínní dúdú, ibi tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà nígbà tí ẹranko náà wà láàyè. Eyín erin ní ilà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń gba inú ara wọn kọjá bí àwọ̀n. Ike kò ní irú ihò tàbí àwọ̀n bẹ́ẹ̀.

* * *

Tèmi kò gùn. Wọ́n fún mi ní ọ̀bẹ kan, wọ́n ní kì í ṣe ọ̀bẹ ológun Switzerland gidi nítorí pé èèkù rẹ̀ kì í ṣe pupa, kò sì ní irin ìṣí kọ́ọ̀kì. Àlúmíníọ̀mù aláwọ̀ eérú ni èèkù náà, tó ní àgbélébùú kékeré. Òdìkejì ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni òótọ́. Ọ̀bẹ tí wọ́n ń pín fún ọmọ ogun níbẹ̀, láti ìgbà tí Karl Elsener, arọ̀bẹ kan níbẹ̀, ti kó ọ̀bẹ fún wọn ní 1891 tòun ti èèkù igi dúdú, kò ní irin ìṣí kọ́ọ̀kì rí. Ti ọ̀gágun, tí Elsener forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní 1897, ló ní i, ọjà ni wọ́n sì ti ń ra ìyẹn. Mo yẹ ìdí ojú ńlá wò, mo rí 65. Ọdún tí wọ́n ṣe é ni, 1965. Ẹni tó fún mi kò mọ ohun tó fún mi, mo sì padà lọ sọ fún un kí ọkàn mi lè mọ́.

* * *

Ẹ̀gbọ́n tó ṣíde, ẹ má tíì sọ̀rètí nù lórí ọ̀bẹ bàbá o.

Ẹ sọ pé ojú ńlá wà lápá kan, kékeré méjì lápá kejì. Ẹ dojú èèkù bolẹ̀, kí ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Sípíríìnì mélòó lẹ rí? Bó bá jẹ́ méjì, tí idẹ pẹlẹbẹ kan wà láàárín wọn, tí ìdí ojú ńlá sì nípọn débi pé ó tẹ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, whittler nìyẹn. Àwọn tó ń gbẹ́ igi ni wọ́n ń ṣe é fún. Sípíríìnì méjì tó ń di ojú kan mú ni kì í jẹ́ kó mì bí a bá ń fi tagbára gbẹ́ igi. Kì í ṣe stockman tó jẹ́ ti àwọn darandaran. Ìyẹn náà lójú mẹ́ta, ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú wọn máa ń ní orí róbótó tí kò ní ṣóńṣó, òun ni wọ́n fi ń tẹ ẹran lọ́dàá, kó má bàa gún ẹran náà níbi tí kò yẹ.

Mo wá ní ìbéèrè kan. Ojú ńlá lẹ sọ pé ẹ lọ̀. Àwọn kékeré méjèèjì ńkọ́, ṣé ẹ wo ìdí tiwọn?

* * *

Àbúrò, ẹ ṣeun. Mi ò wò wọ́n. Ọdún mẹ́ta ni mo fi ní ọ̀bẹ yìí, mi ò wò wọ́n.

Mo padà dé báyìí. Sípíríìnì méjì ni, idẹ pẹlẹbẹ wà láàárín wọn. Ojú kékeré àkọ́kọ́ ṣí wẹ́rẹ́, kò sí nǹkan kan nídìí rẹ̀. Èkejì kọ̀, kò ṣí. Mi ò fi ipá ṣe é. Mo kán epo sí i, mo fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, mo tún kán òmíràn sí i. Lọ́jọ́ kẹta ni ihò èékánná gbà fún mi, sípíríìnì náà sì ké pọ́ bí ẹni pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí lójú oorun.

Iwájú òfìfo. Mo yí i sẹ́yìn, mo fi etí aṣọ nù ún, mo gbé awò sí i. G. E. R. M. A. Ìpáàrà ti jẹ ìyókù. Jámánì ni! Òfin tí Amẹ́ríkà ṣe ní 1890 ló ní kí gbogbo ọjà tó bá ń wọ ilẹ̀ wọn láti March 1891 ru orúkọ ilẹ̀ tí wọ́n ti ṣe é, ìdí rèé tí irú òǹtẹ̀ báyìí fi pọ̀ lára ọ̀bẹ láti ìgbà náà.

Mo rí i pé bí mo bá ha ìpáàrà yẹn díẹ̀ sí i, N àti Y lè jáde. Mi ò ha á. Mo pe ọmọ mi obìnrin, mo gbé awò lé e lọ́wọ́, mo ní kó wo ìdí ọ̀bẹ bàbá bàbá rẹ̀. Ó ka lẹ́tà márààrún sókè.