Ìfun ńkọ́?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Adó-Èkìtì ni mo wà. Lánàá, bí a ṣe ń fọ ìfun ẹran, tí ìdọ̀tí inú rẹ̀ ń dà sí wa lọ́wọ́, ọmọ mi obìnrin bi mí pé kí ló dé tí Gẹ̀ẹ́sì fi ń pe ìfun àti ìgboyà ní "guts". Mo ní lọ́dọ̀ tiwa, akin a máa láyà, ojo ni àyà rẹ̀ ń já. Inú ló ń bí wa, inú náà ló ń dùn. Onísùúrù a sì fi ẹ̀dọ̀ lórí òróòro. Ó ní, "Ìfun ńkọ́, Màámi?" Mi ò rí èsì, ó sì dùn mí gan-an. Ẹ̀yin àgbà Ìkéré àti Ìkọ̀lé, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ̀ka èdè wa ní ọ̀rọ̀ tó so ìfun mọ́ ìgboyà? Kí ni kí n wí fún un?