Fíìmù nípa àwọn ará Ogbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n lé ní Gáánà ní 1969: báwo lẹ ṣe ń mú àgbà sọ̀rọ̀ níwájú kámẹ́rà?

Ọmọ Máṣífà:
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ń ṣe dọkumẹ́ńtárì kan lórí àwọn ará ìlú wa tó ń ṣòwò ní Gáánà kí ìjọba Busia, olórí ìjọba Gáánà nígbà yẹn, tó lé wọn. November 18, 1969 ni wọ́n kéde ẹ̀, pé àlejò tí ò bá níwèé gbọ́dọ̀ kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Agboolé tọ́rọ̀ yẹn kàn pọ̀ lọ jàra n'Ógbómọ̀ṣọ́ yìí, ẹni tó sì jẹ́ ọmọ ogún ọdún nígbà yẹn ti lé dáadáa ní àádọ́rin báyìí, ìdí tára mi ò fi balẹ̀ nìyẹn, torí ẹnìkọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń lọ.

Ibi tó ti ń dùn mí rèé. Tí mo bá kàn jókòó tì wọ́n lásán, ọ̀rọ̀ á máa wá, orúkọ ọjà, orúkọ oníbàárà, orúkọ dírẹ́bà, wọ́n á rẹ́rìn-ín wọ́n á sunkún. Kí n ṣáà gbé kámẹ́rà sílẹ̀, wọ́n á tún gèlè wé, wọ́n á wá máa sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń kí gómìnà, "ìyà jẹ wá, ṣùgbọ́n a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run," ó parí nìyẹn. Kí ni kí n ṣe? Níbo ni mo sì ti lè rí fọ́tò àti ìwé ìròyìn ìgbà yẹn? Ọ̀rẹ́ mi kan tún ní kí n wá ẹni tó lóhùn bíi ti rédíò kó máa ka ìtàn náà lábẹ́ àwòrán, ọkàn mi ò gbà á.

Àǹtí Ìsàlẹ̀ Afọ́n:
Àbúrò mi, o ò ní kú lórí iṣẹ́ yìí o. Má fi ìbéèrè bẹ̀rẹ̀ rárá, nǹkan ni kó o ní kí wọ́n gbé jáde. Nígbà tá à ń gba ohùn ìyá bàbá mi sílẹ̀, gbogbo ìgbà tá a bá ti bi wọ́n pé báwo ni wọ́n ṣe lé yín, ohun tí gbogbo èèyàn ń sọ náà ni wọ́n máa sọ. Ìgbà tó yá la ní kí wọ́n fi ẹrù tí wọ́n kó bọ̀ hàn wá. Wọ́n ṣí àpótí irin, wọ́n fa kẹ́ńtè kan yọ tí etí ẹ̀ ti já, wọ́n gbé e símú, bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ka gbèsè nìyẹn: lágbájá jẹ mí báyìí ní Tàmálè lápá àríwá Gáánà, tàmẹ̀dù kó ẹrù láwìn kò tíì san, obìnrin Dàgòńbà kan, ẹ̀yà tó wà ní Tàmálè níbẹ̀, wà tó sáré gbówó wá bá wọn ní gáréèjì lọ́jọ́ tí wọ́n ń lọ. Àṣé àwìn ni gbogbo òwò yẹn, ta ló fẹ́ fi ọ̀sẹ̀ méjì gba owó àwìn ká tán? Ibẹ̀ ló ti wá yé mi pé kì í ṣe ilé nìkan ni wọ́n fi sílẹ̀.

Kámẹ́rà yẹn, gbé e kalẹ̀ kó tó di pé ìyá jókòó, kó o má fọwọ́ kàn án mọ́. Ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ni kó o jókòó sí, má wà lẹ́yìn ẹ̀, kó jẹ́ pé ojú ẹ ni wọ́n ń wò. Tó bá ṣeé ṣe, kí ọmọ-ọmọ tí wọ́n fẹ́ràn jù máa bá wọn sọ̀rọ̀. Ká má tiẹ̀ máa sọ ti pé kó o ti kọ́kọ́ lọ kí mọ́gàjí ilé.

Gbohùngbohùn:
Èmi fẹ́ fi ti ohùn kún un. Àwòrán tó ṣókùnkùn díẹ̀, èèyàn á wò ó, èyí tí wọn ò bá gbọ́ ohùn ẹ̀ ni wọ́n máa pa. Máìkì kékeré tó ń há mọ́ aṣọ, má há a síbi ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn o, ìlẹ̀kẹ̀ á máa gbá a. Wo ibi tí ẹ̀rọ ìlọta àti jẹnẹrétọ̀ wà kẹ́ ẹ tó jókòó, tójò bá sì bẹ̀rẹ̀ lórí páànù, ẹ dúró. Kó o tó palẹ̀ mọ́, ní kí gbogbo èèyàn dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan kó o gba ohùn yàrá yẹn lásán, á wúlò tó o bá ń gé e pọ̀. Lálẹ́ ọjọ́ náà, kó fáìlì sí ibi méjì ó kéré tán.

Tíṣà Fẹ̀yìntì:
Ọmọ mi, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ lọ sí Àkójọ Ìwé Ìjọba tó wà nínú Yunifásítì Ìbàdàn, kẹ́ ẹ sì wo láíbìrì Kenneth Dike níbẹ̀ náà fún ìwé ìròyìn àtijọ́, Tribune ti wà láti 1949. Ti fọ́tò, ilé àwọn èèyàn ló wà, ẹ ṣáà máa yí ẹ̀yìn ẹ̀ wò, orúkọ fọtogíráfà àti ìlú máa ń wà níbẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ yín lé lórí ni pé kẹ́ ẹ má parí fíìmù yẹn sí bọ́dà. Ọdún tí wọ́n dé yẹn le nílé níbí. Wàhálà owó orí Àgbẹ́kọ̀yà ti jà, wọ́n ti pa Ṣọ̀ún tó wà lórí ìtẹ́ lọ́dún yẹn kan náà, ogun Bìáfrà ò sì tíì parí, January 1970 ló parí. Inú irú ìlú yẹn lèèyàn já sí pẹ̀lú ọmọ tó jẹ́ pé Gáánà ni wọ́n bí i sí. Níbo ni wọ́n sùn? Ta ló fún wọn ní yàrá? Àwọn wo ni wọ́n ń pè lálejò nínú ilé bàbá wọn? Èmi ò rí ẹni tó ń bèèrè ìyẹn. Ti ẹni tó máa kàtàn, mo fara mọ́ ọ̀rẹ́ yín o, àwọn ọmọ òde òní ò mọ ẹni tó ń jẹ́ Busia.

Àǹtí Ìsàlẹ̀ Afọ́n:
Ẹ má bínú sà, ẹ jẹ́ kó kọ ọjọ́ àti orúkọ sójú fídíò, ìyẹn tó. Tóhùn rédíò bá ti wọlé, ohùn àwọn ìyá wọ̀nyí á di ẹ̀yìn.

Ọmọ Máṣífà:
Ẹ ṣeun gan-an, Ọlọ́run á jẹ́ kẹ́ ẹ pẹ́ fún wa. Ti ilé tí wọ́n dé sí yẹn, màá fi kún un, ó ti ń ká mi lára látàárọ̀ tí mo ti kà á. Àǹtí mi, ìbéèrè kan ló kù: tí ìyá bá dárúkọ ẹni tó jẹ wọ́n lówó, tọ́mọ onítọ̀hún sì wà láàárín ìlú yìí ńkọ́?

Àǹtí Ìsàlẹ̀ Afọ́n:
Yọ orúkọ, fi iye owó sílẹ̀. Kó o sì gbé e lọ sí agboolé wọn kí gbogbo ẹbí wò ó tán pátápátá kó o tó gbé e sórí YouTube.